Ẹ̀kọ Nìkan Kò Tó Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Basin níbí, a mọ ohun tí àlejò máa gbé wá: bísíkíìtì, búrẹ́dì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì mi lọ́dún kẹta, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀, tí mo jẹ búrẹ́dì lálẹ́. Mo rò pé ẹni tó kàn dùbúlẹ̀ kò nílò oúnjẹ gidi. Nígbà tí mo máa dìde, ṣòkòtò mi ń já bọ́, àtẹ̀gùn ilé wa sì di òkè Sobi lójú mi.

Lóòótọ́, ẹni tó dùbúlẹ̀ kì í ná agbára tó ẹni tó ń sáré lọ síbi ẹ̀kọ́ aago mẹ́jọ. Àmọ́ ara tí wọ́n fi abẹ là kò sinmi: ó ń hun awọ tuntun, ó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Èròjà amúaradàgbà ló fi ń ṣe é. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú iṣan ara ló ti máa lọ mú un, ẹsẹ̀ tí a kò lò sì máa ń tètè rù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí ọmọ ẹ̀ka wa díẹ̀. A-mú-ara-dàgbà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ló sọ àpólà ìṣe di orúkọ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ó dún bíi pé ọmọdé nìkan ló nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, "atúnaraṣe" ni ǹ bá pè é.

Ẹni tí ara rẹ̀ le nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.8 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń ní kó tó 1.2 sí 1.5. Ẹni tó wọn kílò 60 kúrò ní 48 nìyẹn, ó bọ́ sí 72 sí 90. Ẹyin kan kò sì ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín kún un, ẹ fi ẹja kún un, àti wàrà, tí ìlú wa fi lórúkọ. Ẹ sè é nínú ọbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kọ náà kò burú, bí ẹ bá po mílíìkì tàbí ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ọn.

Ìyá àgbà ilé wa ní ẹyin máa jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ ní ọyún. Kòkòrò ló ń fa ọyún, ẹ jẹ ẹyin yín.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi ni ìgbẹ́ tó ń kọ̀ láti jáde. Oògùn ìrora bíi tramadol àti codeine máa ń mú kí ìfun fà sẹ́yìn, àìrìn ń dá kún un. Títiraka nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn ẹni, ẹ má dán an wò! Ẹ̀kọ kò sì lè gbà yín, torí pé inú èèrí tí a sẹ́ kúrò, tí a dà fún ewúrẹ́, ni ohun tó ń ti ìgbẹ́ jáde wà. Omi, ìbẹ́pẹ, ewédú, ilá àti ẹ̀fọ́ ló ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ fi ọsàn kún un: fítámì C inú rẹ̀ ń ran ọgbẹ́ lọ́wọ́ láti jiná.

Ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, dókítà ló máa sọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín lójú àlejò pé, "Ṣé o ti só?", ẹ dá a lóhùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìfun ti jí ni. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín kọ́kọ́ béèrè iye tó lè jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé mẹ́ta àti ìbẹ́pẹ kan wá. Ó dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ló bá ní kí n dìde, ká jọ rìn dé ẹnu géètì.