Ẹbí àti Àlejò nínú Iṣẹ́ Sinimá Yorùbá

Yorùbá a máa wí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bóyá ni a rí òwe tí àwọn ènìyàn ń pa ju èyí lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn òṣèré sinimá. Àwọn kan ń fi í gbè wọ́n lẹ́yìn, àwọn mìíràn ń fi í bú wọn. Ní Súrùlérè àti ní Mushin, ọ̀dọ́ tí ó bá ti tọ ẹgbẹ́ eré lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, tí kò rí ju ipa ẹni tí ń kọjá lọ ní ìgboro, yóò sọ fún ọ pé ọmọ òṣèré ni ó ni eré, pé àlejò kò ní ìpín níbẹ̀. Ẹ̀sùn náà wúwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ẹbí ti ṣe wọ inú iṣẹ́ yìí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni ó gbà wọlé nígbà gbogbo.

Ní ti àwọn alárìnjó àtijọ́, ọ̀rọ̀ kò díjú rárá. Inú agboolé eléégún ni iṣẹ́ náà wà, ọmọ ọ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe é, orúkọ bí Ọ̀jẹ́wálé tàbí Ọ̀jẹ́níyì a sì ti fi ẹni náà hàn kí ó tó la ẹnu. Ní kékeré ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sósà, ti bá irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rìn. Ó wá jẹ́ ohun ìyanu pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹbí ni ó kọ́kọ́ lọ bá. Ọlọ́pàá ni ní 1944, nígbà tí ó ṣe eré olórin kan fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n sì gbé e jáde ní Glover Hall ní Èkó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá African Music Research Party sílẹ̀, ó sì ń san owó iṣẹ́ fún àwọn òṣèré rẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Owó ni ó so wọ́n mọ́ ọn.

Kí ni ó wá sọ ẹgbẹ́ náà di agboolé? Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin tí ń jó lórí ìtàgé, tí ó sì ń bá àwọn ọkùnrin rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú, aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ òbí kà á sí. Bí ó bá sì ti mọ orin àti ijó tán, ọkọ yóò dé, ọkọ kò sì ní gbà kí ó padà sídìí eré mọ́. Ọgbọ́n tí Ògúndé dá sí i ni pé ó ń fẹ́ wọn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń kọrin, àwọn ni wọ́n ń jó, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì ti ibẹ̀ wọ iṣẹ́. Èmi kò lè pe èyí ní ojúsàájú. Àdéhùn iṣẹ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ìgbéyàwó ni ó wọ̀. (Ohun tí àwọn ìyàwó náà rò nípa àdéhùn yìí kò pọ̀ tó nínú àwọn ìwé tí àwa ọ̀mọ̀wé kọ.)

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní 1944 kan náà ni Prithviraj Kapoor dá ẹgbẹ́ eré alárìnkiri tí ń jẹ́ Prithvi Theatres sílẹ̀ ní Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Raj, Shammi àti Shashi, di gbajúmọ̀ nínú sinimá, àwọn ọmọ-ọmọ Raj sì wà nídìí iṣẹ́ náà di òní.

Nígbà tí sinimá dé sí àárín wa, owó ni ó tún so okùn ẹbí le. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, kó ipa nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976, lẹ́yìn náà ó ń ṣe ti ara rẹ̀. Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, ó sì wọ́n. Ẹni tí ó ni ín ni ó ń gbé e kiri, láti Gbọ̀ngàn Eré ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Igànmú títí dé yàrá ìpàdé ilé ìwé. Ta ni yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà gba owó? Ta ni yóò sun ti àpótí fíìmù ní òru? Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, rí ohun tí ojú ń rí nígbà tí àwọn olè da Ọ̀run Móoru tí ó ṣe ní 1982 kọ, tí wọ́n ń tà á, tí gbèsè sì bo òun mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn irú èyí, a kò lè bá ẹni tí ó fi aya àti àbúrò sí ìdí àpótí owó wí.

Síbẹ̀ ọ̀nà kejì wà, ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́, mo sì rò pé àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀. Nígbà tí Òjó Ládipọ̀, Bàbá Mérò, kú ní 1978, Adébáyọ̀ Sàlámì, tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello, ni ó gba àkóso ẹgbẹ́ náà, èyí tí a wá mọ̀ sí Awada Kerikeri. Kì í ṣe ọmọ bíbí inú Ládipọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ a máa pọn omi, a máa ru ẹrù aṣọ eré, a máa jókòó wo ọ̀gá títí tí yóò fi gba fírídọ̀mù, orúkọ ọ̀gá yóò sì máa bá a lọ bí orúkọ bàbá. Àlejò ni ó wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó bá jáde.

Fídíò ni ó ba ọ̀nà yìí jẹ́. Láti 1988, nígbà tí Ṣóṣò Méjì jáde, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí owó díẹ̀ lè yáwòrán eré láìní ẹgbẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ tí ń mu pọ̀ túká. Òṣèré di ẹni tí a ń pè fún eré kọ̀ọ̀kan. Winis Hotel ní Súrùlérè di ibi tí wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́, ẹni tí ń wá òṣèré a sì pe ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀gá tí yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì yàwòrán kò nílò ọmọ tí yóò kọ́ fún ọdún márùn-ún. Ó ṣì ń gba owó ìkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ kù sí ni ilé. Ọmọ òṣèré ń gbọ́ ọ̀rọ̀ eré nídìí oúnjẹ alẹ́, ó sì ń mọ iye tí a ń san fún ẹni tí ó ni kámẹ́rà kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ń yá a.

Àǹfààní náà gan-an nìyẹn, ó sì ju ipa nínú eré lọ. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love, ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó kó ipa nínú Ṣaworoidẹ ní 1999, ó sì gbé Ìràpadà jáde ní 2006. Agbẹjọ́rò ni Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello. Olùdarí eré ni Tọ́pẹ́ àbúrò rẹ̀. Ṣọlá àti Bídèmí wà nídìí iṣẹ́ Jídé Kòṣọ́kọ́ bàbá wọn. A kò lè sọ pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ẹ wo Jagun Jagun tí Fẹ́mi gbé jáde ní 2023: Tọ́pẹ́ ni ó darí rẹ̀ pẹ̀lú Adébáyọ̀ Tìjání, ṣùgbọ́n Lateef Adédiméjì, tí kì í ṣe ará ilé wọn, ni ó kó ipa Gbọ́tìjà tí ìtàn náà dá lé lórí. Owó àti àṣẹ dúró sílé. Ojú tí òǹwòran yóò sanwó wò, wọ́n wá a lọ síta. Ìyẹn kò burú. Ohun tí ó ṣòro ni bí àlejò yóò ṣe dé ibi tí a ti ń fi owó pàṣẹ. Fúnkẹ́ Akíndélé dé ibẹ̀ láìjẹ́ ọmọ òṣèré: eré orí tẹlifíṣàn, I Need to Know, ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, A Tribe Called Judah tí ó gbé jáde ní 2023 sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Irú rẹ̀ kò pọ̀.

Ohun tí ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èdè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ayé àtijọ́ ń ti Ọ̀yọ́, Ìlàrọ́, Ọ̀ffà àti Èkìtì wá, wọ́n ń gbé oríkì, ọfọ̀ àti ẹ̀ka èdè ìlú wọn bọ̀ wá sí Èkó. Bí ọ̀nà bá fún débi pé àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó, tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́, ni wọ́n ń wọlé, Yorùbá inú fíìmù yóò tín-ín-rín, a ó sì máa fi àlàyé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ àwòrán bò ó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ì bá jẹ́ ọ̀nà kẹta. Ní Akọka, ní Yaba, abẹ́ òrùlé Fákọ́tì kan náà ni a ti ń kọ́ Yorùbá àti eré ṣíṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ oríkì Olúfẹ́ kì í sábà mọ bí a ti ń di kámẹ́rà mú, èyí tí ó mọ kámẹ́rà sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé eré rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.