Kọ́mà kan tí kò sí nínú òfin sọ iléeṣẹ́ oníwàrà di onígbèsè òṣìṣẹ́

Mílíọ̀nù 5 dọ́là ni Oakhurst Dairy, iléeṣẹ́ tó ń ta wàrà ní ìpínlẹ̀ Maine l'Amẹ́ríkà, gbà láti san fáwọn awakọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2018. Kọ́mà kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin Maine ní kí wọ́n san owó ófátáìmù fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, àmọ́ ó yọ àwọn iṣẹ́ kan lórí oúnjẹ tó tètè ń bàjẹ́ sílẹ̀. "Packing for shipment or distribution" ló gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀, kò sì sí kọ́mà lẹ́yìn "shipment".

Iléeṣẹ́ náà ní iṣẹ́ méjì nìyẹn: dídi ẹrù, àti pípín in kiri. Àwọn awakọ̀ ní rárá, dídi ẹrù nìkan ni, yálà èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ ni o, tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ pín. Àwọn kì í sì í di ẹrù, gbígbé ni tiwọn.

Lóṣù Kẹta ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kò yéni yékéyéké, àti pé níbi tọ́rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ ló yẹ kóun wà. Àwọn aṣòfin Maine pàápàá ti tún àwọn àmì inú òfin náà tò.

Ẹni tó bá fẹ́ buwọ́ lùwé àdéhùn lédè Òyìnbó, kó kà á dáadáa. Gbólóhùn tó bá ní ìtumọ̀ méjì, kí wọ́n tún un kọ kówó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.