Latchmere: Wọ́ọ̀dù tó gbé ọmọ aláwọ̀ dúdú wọlé ní London, tí wọ́n ti tú ká báyìí

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ará Wandsworth ní ìlú London jáde lọ dìbò yan àwọn tí yóò ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn tó ń gbé Latchmere, lápá Battersea, kò rí orúkọ àdúgbò wọn mọ́ nínú ètò ìdìbò náà. Wọ́n ti tú wọ́ọ̀dù wọn ká, wọ́n sì pín ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ àwọn wọ́ọ̀dù tuntun bíi Falconbrook.

Bí arrondissement ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò yan kánsílọ̀. Ẹni tó bá ti ń dìbò ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ láti ọdún 2002 mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá fa ààlà sí lè sọ ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa padà sílé. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Latchmere fi tọ́ sí wa láti gbọ́.

Ọdún 1900 ni ìjọba sọ Battersea di ìlú tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Latchmere jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ́ọ̀dù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló kún Battersea nígbà yẹn: àwọn ará rélùwéè, àwọn tó ń ṣe gáàsì, àwọn obìnrin alágbàfọ̀. Owó ilé wọ́n, ilé náà kò sì dára. Ìgbìmọ̀ ìlú wá pinnu pé àwọn yóò kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù. Wọn kò gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kankan, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ fúnra wọn ló mọ ọ́n. Ní 1903 ni wọ́n ṣí i, ilé 315. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ àwọn òpópónà rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ Freedom Street, ìyẹn òpópónà òmìnira, òmíràn ń jẹ́ Reform Street, òpópónà àtúnṣe ìlú. Àwọn òpópónà náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Irú àwọn èèyàn báyìí ni John Archer lọ bá pé kí wọ́n dìbò fún òun ní 1906. Ayàwòrán ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Battersea. Ìlú Liverpool ni wọ́n bí i sí ní 1863. Bàbá rẹ̀, ọmọ erékùṣù Barbados, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ireland. Dúdú ni ìyàwó rẹ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ Kánádà. Nígbà yẹn, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì lè dìbò yan aṣòfin, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń san owó-orí ilé lè dìbò ìgbìmọ̀ ìlú. Latchmere yan Archer. Wọ́n já a kulẹ̀ ní 1909. Ó tún padà wá ní 1912, wọ́n sì tún gbé e wọlé.

Lóṣù kọkànlá ọdún 1913, àwọn kánsílọ̀ jókòó láti yan maire. Ariwo ti sọ káàkiri. Àwọn ìwé ìròyìn ń bi ara wọn pé níbo ni ọkùnrin yìí ti wá gan-an. Àwọn kan ní Rangoon, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bọ́mà, ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí wọ́n bí sí Liverpool! Ìbò kan ṣoṣo ló fi borí. Báyìí ni London ṣe ní maire aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni wọ́n yan Blaise Diagne láti Sẹ̀nẹ̀gàl sí ilé aṣòfin Faransé. Ní 1919, àwọn méjèèjì jọ wà ní ìlú Páríìsì níbi àpérò àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, Diagne ló ṣe alága. Archer ti di ààrẹ African Progress Union ní London nígbà náà, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ọmọ erékùṣù Kàríbíà jọ wà nínú rẹ̀. Ní 1922, òun ló darí ìpolongo ìbò Shapurji Saklatvala, ọmọ Íńdíà, tó wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣòfin láti Àríwá Battersea.

Ajá kan náà dá wàhálà sílẹ̀ ní Latchmere. Ní 1906 tí Archer wọlé, wọ́n gbé ère ajá kan dúró sí pápá ìṣeré Latchmere, ní ìrántí ajá tí àwọn dókítà fi kọ́ iṣẹ́ títí ó fi kú. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, wọ́n fẹ́ wó ère náà. Àwọn ará àdúgbò ní kò ṣeé ṣe. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, àfi kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ajá idẹ. Ní 1910, ìgbìmọ̀ ìlú tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn wá gbé e kúrò lóru.

Ní 1965, wọ́n da Battersea pọ̀ mọ́ Wandsworth. Latchmere pàdánù ìgbìmọ̀ tó mọ ilé rẹ̀, orúkọ nìkan ló kù fún un. Orúkọ náà ló lọ ní 2022 yìí. Kò sí ẹni tó bá wọn jà. Èrò ló pọ̀ sí i lápá kan ìlú: àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sí Nine Elms, létí odò Thames, kó èèyàn wá, òfin ibẹ̀ sì ní iye olùdìbò tí kánsílọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣojú fún gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n tún gbogbo ààlà fà. Nine Elms di wọ́ọ̀dù, Latchmere sì pòórá.

Nine Elms yìí kan náà ni Archer ń ṣojú fún nígbà tó kú ní oṣù keje ọdún 1932. Ìjọba fi àwòrán rẹ̀ sára sítám̀pù ní 2013. Àmì aláwọ̀ búlúù kan wà lára ilé tó gbé rí, nọ́ńbà 55, Brynmaer Road. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè dúró kà á.