Derbyshire jìnnà sí òkun, síbẹ̀ omi ló ni ín

Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì, oko Church Flatts ló jìnnà sí òkun jù. Ìpẹ̀kun gúúsù káúńtì Derbyshire ló wà, ó sì lé ní 110 kìlómítà kí èèyàn tó dé etíkun tó sún mọ́ ọn jù. Síbẹ̀, omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ Derbyshire.

Òkúta ló fà á. Ní àríwá, níbi tí òkè Kinder Scout ti ga tó 636 mítà, òkúta líle tí wọ́n ń gbẹ́ ṣe ọlọ nígbà kan ló wà níbẹ̀. Òjò kì í tètè ríbi wọlẹ̀. Àbàtà ló ń dà. Ní àárín káúńtì náà ẹ̀wẹ̀, òkúta funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ihò pọ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló ń gbé omi mì. Apá òkè odò Lathkill a máa pòórá pátápátá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.

Abájọ tí ìsun omi fi níyì níbẹ̀. Lọ́dọọdún, lásìkò Ìgòkè Re Ọ̀run, àwọn ará abúlé Tissington a máa ṣe ìsun omi wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn á po amọ̀, wọn á rẹ́ ẹ sórí pákó, wọn á wá máa tẹ ewé òdòdó mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwòrán inú Bíbélì á fi yọ. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó lọ sókè, kí ìkan máa gun orí èkejì bíi páànù òrùlé, kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀.

Omi náà ló gbé ilé iṣẹ́ dé. Ní 1771, Richard Arkwright dá ilé ìranwú sílẹ̀ ní Cromford, omi ló sì ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni: inú ihò ìwakùsà òjé ni lára omi náà ti ń wá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í tètè di yìnyín nígbà òtútù.

Nígbà tó yá, àwọn ìlú ńlá tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè omi mímu. Láàárín 1935 sí 1943 ni wọ́n kọ́ ìdídò Ladybower, omi sì bo abúlé Ashopton àti Derwent. Wọ́n hú òkú inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Derwent, wọ́n tún un sin sí Bamford. Wọ́n fi ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ kó máa yọrí lójú omi fún ìrántí, àmọ́ nígbà táwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, wọ́n fi ohun abúgbàù wó o ní 1947. Ìrántí ọ̀hún ò ju ọdún mélòó kan lọ! Lọ́dún 2018 tí ọ̀dá mú kí omi fà, àwókù Derwent yọ síta, èrò sì ya lọ wò ó débi pé ẹnì kan rì sínú ẹrẹ̀, àwọn adóòlà ẹ̀mí ló lọ fà á yọ.