Báwo ni yoga ṣe lè ran ẹni tó la ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú kọjá lọ́wọ́?

Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù Boko Haram ní Borno lè ti kúrò nínú ewu, síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá dún gbàà, àyà rẹ̀ á já. Ara rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ewu.

Yoga jẹ́ẹ́jẹ́ lè ràn án lọ́wọ́: á máa mí díẹ̀díẹ̀, á máa na ara láàárín àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Kò pọn dandan kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014, obìnrin 31 tí àárẹ̀ ọkàn PTSD ti bá fínra pẹ́ ṣe yoga fún ọ̀sẹ̀ 10. Àárẹ̀ náà kúrò lára 16. Nínú 29 tí wọ́n kàn kọ́ nípa ìlera, 6 péré ni.

Àmọ́ yoga kò rọ́pò ìtọ́jú dókítà.