Ìyá Kò Purọ́, Àìsàn Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní ọdún tí ó kọjá. Ìyá mi figbe ta pé ọmọdébìnrin tí ń bá wa gbé ti jí owó òun. "Mo rí i! Ojú mi báyìí ni ó ṣe tú abẹ́ ẹní mi!" Ọmọ náà ń sunkún, ó ń búra. Èmi olùkọ́, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sùúrù, mo ti mú pàṣán. Ìgbà tí aya mi fẹ́ ro ọkà ni ó bá owó náà nínú garawa ẹ̀lùbọ́, gèlè ìyá mi gan-an ni a fi dì í.

Síbẹ̀ ìyá kò yí ohùn padà. Ó rí ọmọ náà. Ṣé irọ́ ni ó ń pa? Dókítà tí a gbé e lọ bá ni ó là mí lóye.

Nínú ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀ lápá etí, ibì kan wà lọ́tùn-ún àti lósì tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ni akọ̀wé tí ń kọ ọ̀rọ̀ òní sínú ìwé. Àìsàn Alzheimer sábà máa ń tètè ba ibẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ìyá fi lè sọ iye tí kóńgò gàárì jẹ́ kí ó tó lọ ilé ọkọ, ṣùgbọ́n tí yóò ní òun kò tíì jẹun, tí abọ́ ọkà ṣì wà níwájú rẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti ṣófo, ọpọlọ a máa fi ohun mìíràn dí i, ẹni náà a sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Dókítà ará Jámánì ni Alois Alzheimer. Ní ìlú Frankfurt ní 1901, ó bi obìnrin kan, Auguste Deter, léèrè orúkọ ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní òun rò pé "Auguste" ni. Ẹni ọdún 51 péré ni! Nígbà tí ó kú ní 1906, Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò: ó ti súnkì, ìdọ̀tí ti ṣù jọ káàkiri inú rẹ̀, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín sì ti lọ́ mọ́ra.

Kì í ṣe Alzheimer nìkan ni ó wà o. Bí àrùn bá mú iwájú ọpọlọ, ẹni náà lè rántí àná dáadáa, ṣùgbọ́n ìtìjú a kúrò lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn a di ọ̀bẹ mú, wọn kò ní mọ ohun tí à ń fi í ṣe mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lewy sì ń mú kí àgbàlagbà rí ọmọdé tàbí ẹranko nínú yàrá tí ó ṣófo. Mélòó nínú irú wọn ni a ti pè ní àjẹ́!

Àwọn oníwàdìí bẹ̀rẹ̀ sí tọpa àwọn àgbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ní 1992, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àìsàn Alzheimer ń mú tiwa kéré sí tiwọn, kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ó ń mú wa.

Nísinsìnyí, bí ìyá bá ní owó òun sọnù, n kì í jiyàn. "Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a, Màmá," ni mo ń wí, garawa ẹ̀lùbọ́ ni mo sì ń kọ́kọ́ tú. Mo ti bẹ ọmọ náà, ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, kì í dá wọ yàrá ìyá mi láìpe aya mi kí ó bá òun wọlé.