Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà lè wọ Maldives láìkọ́kọ́ gba físà?

Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀.

1. Físà afẹ́ wà o. Pápákọ̀ òfurufú Velana ní Maldives ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù. Ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 30 ló wà fún.

2. Ẹ ó fi tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ hàn, òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ti gbà sílẹ̀, àti owó tẹ́ ẹ máa ná. Yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ńkọ́? Dandan ni fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀.

3. Ẹ kún IMUGA, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìwọlé Maldives, lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 96 ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó fún un, ẹ sá fún un. Ọ̀fẹ́ ni.

4. Èkó gan-an ni wàhálà ti lè bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá gbà yín wọlé lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ bàálù ló máa gbé yín padà, ìyẹn ni òṣìṣẹ́ orí káńtà fi ń tú ìwé yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ gbogbo ìwé náà sórí pépà. Fóònù lè kú.

Ẹ má di ọtí sínú àpò o, àwọn aṣọ́bodè Maldives á gbà á!

Ta lẹ mọ̀ tó ń múra ìrìn àjò? Ẹ fi ránṣẹ́ sí i.